Àwẹ̀ Ọjọ́ Ìjàkadì

Ọṣẹ tí kò lóòórùn ni mò ń wá nígbà tí ọ̀rẹ́ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀ ilé wa ní Jẹ́dà. Ẹni tó bá ti wọ ìhúráàmù kò gbọdọ̀ fi ohun olóòórùn dídùn kan ara. Ọkọ mi ti wẹ̀, ó ti ró aṣọ funfun méjèèjì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ikùn rẹ̀ sì ti ṣíwájú rẹ̀ jáde.

Ẹnjiníà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí. Kọ́ńtíráàtì rẹ̀ ti parí, ọ̀sẹ̀ yẹn ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń padà sí Nàìjíríà pátápátá. Wọ́n fẹ́ ká jọ ṣe úmúrà ní Mẹ́kà kí wọ́n tó lọ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà ni àwọn ọkùnrin méjèèjì lọ nígbà èwe, ní ìlú méjì tí kò fẹ́ràn ara wọn. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ jáde, wọ́n pàdé nínú ìjàkadì. Wọ́n pe ilé ìwé àwa obìnrin wá wòran. Ẹnjiníà gbé ọkọ mi, ó dá a. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ń sọ pé òun gbààwẹ̀ ni. Àwọn ọmọ wa, tí Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn, mọ ìtàn àwẹ̀ yẹn ju orúkọ bàbá wọn àgbà lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Jẹ́dà bá péjọ sí pálọ̀ wa, wọ́n á pín sí ọ̀nà méjì lórí rẹ̀. Àwa obìnrin á máa gbọ́ wọn lẹ́yìn kọ́tìnnì. Dókítà kan tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí a máa dìde sórí kápẹ́ẹ̀tì láti fi hàn bí wọ́n ṣe gbá ẹsẹ̀.

A ò tíì jáde ní Jẹ́dà tán tí ẹnjiníà fi bẹ̀rẹ̀.

“Ọ̀rẹ́ mi, mò ń lọ sílé. Mi ò bèèrè ẹ̀bùn. Kí n tó wọ bàálù, mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé mo dá ọ, mo sì dá ọ dáadáa.”

“Ẹni tó gbààwẹ̀ lo dá,” ni ọkọ mi wí.

“Ó dáa. Tí a bá wọ ilẹ̀ Haramu, tún un sọ níbẹ̀.”

Ọkọ mi yíjú sí fèrèsé. Ní Jẹ́dà, èèyàn lè bu iyọ̀ sí ìtàn. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti kọjá ààlà Mẹ́kà, ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ló wọ̀, àwọn èèyàn wa kì í lé ẹyẹlé pàápàá. Ta ló máa wọ ìhúráàmù purọ́ níbẹ̀?

“Ẹ̀yin Àlàájì,” ni ìyàwó ẹnjiníà sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, “ìhúráàmù lẹ wọ̀ yìí o! Ẹ má jiyàn.”

“A ò jiyàn. Ìbéèrè ni mo bi í.”

Nígbà tí a dé Bahra, ní àárín ọ̀nà, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ọkọ mi. A yà, ó mu tíì. Ó ní òun fẹ́ tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní òun máa tún àlùwàlá ṣe. Lẹ́yìn àlùwàlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ ta táyà wò, òun tó jẹ́ pé ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì.

“Ọ̀gá,” ni ẹnjiníà ké sí i, “ààlà ò ní kúrò níbẹ̀ o! Mu tíì Bahra tán tó o bá fẹ́.”

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí mi. “Àlàájà, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ló gbààwẹ̀?”

Mo ní ọ̀ọ́kán ni mo wà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí ó fi forí lé ọwọ́ ọkọ̀.

Sọ́jà ojú ààlà wo ìkámà, ìwé ìgbélùú wa, ó ní ká máa lọ. Bí a ṣe kọjá ààlà, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké Lábáíkà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹnjiníà bá a ké e. Ó dúró dè é títí ohùn ọkọ mi fi há.

“Ó yá,” ó wí.

Ọkọ mi wo iwájú. “Mi ò gbààwẹ̀. Ẹ̀bà ni mo jẹ. O dá mi, ẹ̀yìn mi kanlẹ̀.”

Mo rò pé ẹnjiníà á hó. Kò hó. “O ṣeun,” ló sọ, ó sì wa ọkọ̀ lọ tààrà sí mọ́sáláṣí. A yí Káábà po, a rìn láàárín òkè méjèèjì, onígbàjámọ̀ fá orí àwọn ọkùnrin méjèèjì títí wọ́n fi ń dán bí abọ́ tánganran. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọkọ̀ dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti jà. Ohun tí ẹnjiníà ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ó jókòó bí ẹni tí iṣẹ́ tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

A jáde kúrò ní ilẹ̀ Haramu. A fẹ́ kọjá Bahra ni ọkọ mi wúkọ́.

“Àmọ́ ẹ̀bà yẹn pọ̀ jù. Ẹni tó yó bẹ́ẹ̀, ta ni kò lè dá a?”

“Háà!” Ẹnjiníà gbá ọwọ́ ọkọ̀. “Ẹ gbọ́ àwáwí tuntun! Aláìnítìjú!”

Ariwo yẹn ni wọ́n pa wọ Jẹ́dà. Nígbà tí a dé iwájú ilé, ọkọ mi gbé fíláàsì omi tí a mú lọ, ó ti ń gun àtẹ̀gùn lọ. Ẹnjiníà yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àlàájà, tí wọ́n bá bi yín lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ó gbààwẹ̀.”