Akoto Vernita

Ọdún kẹjọ rèé tí Vernita Gaddis ti ń ṣe alága ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé aláwọ̀ dúdú ní Cleveland. Bí ìjọba ìlú bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ńlá kan, wọn á ránṣẹ́ pè é kó wá dé akoto, kó di ṣọ́bìrì mú nínú fọ́tò, kí ayé lè rí i pé wọn ò yọ wá sílẹ̀.

Lánàá, níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé sí, ọkùnrin tó ń ya fọ́tò ní, "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Vernita dá a lóhùn pé, "Mo ti rẹ́rìn-ín nídìí ilé mẹ́rìnlá, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí."

Bí wọ́n ṣe yà á tán, ó ṣí akoto funfun kúrò lórí, ó tì í sí èmi igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́.

"Clifton, gbà. Ó ti rẹ̀ mí. Ìwọ ló kàn."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ya àwòrán ilé ìkàwé yìí gan-an?"

"Àwọn òyìnbó tó máa ń yà á náà ni."

Mo yí akoto náà síwájú sẹ́yìn. Ọdún mẹ́jọ, ilé mẹ́rìnlá, erùpẹ̀ ò kàn án rí.