Ọkọ̀ Tí Wọ́n Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Muwaileh, ní Sharjah, ni mo ti ń ṣe gádì. Kí n dúró, kí n ṣílẹ̀kùn, kí n sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má gbé kọfí wọlé, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọdún kẹfà mi rèé níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa afárá, mo ti gbọ́ nípa àìsàn ọkàn, mo ti gbọ́ nípa òfin okòwò, kò sí èyí tó kàn mí nínú gbogbo wọn. Èyí tó kàn mí dé ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan.

Obìnrin olùkọ́ kan ló wá láti ìlú olótùútù. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹja sámọ́nì, ẹja ẹlẹ́ran pupa tí wọ́n ń gé tà lórí yìnyín nínú àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì wa níbí. Ó ní inú odò ni wọ́n ti ń bí i, pé ó ń lọ dàgbà nínú òkun, àmọ́ tí àkókò ìbímọ bá tó, odò tí wọ́n ti bí i gan-an ló ń padà sí. Omi odò tó bá kún ló ń pè é wálé. Abo á fi ìrù gbẹ́ ihò láàárín òkúta wẹ́wẹ́, á sì yé ẹyin síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá fi dáàmù dí odò náà kí wọ́n lè rí iná mànàmáná, odò kò mọ ìgbà mọ́. Tí ìlú bá ń lo iná, wọ́n á ṣí omi, odò á kún. Tí ìlú bá sinmi, wọ́n á ti omi, odò á fà. Lójoojúmọ́ ni. Ẹja tó ń dúró de ìkún omi lẹ́nu òkun kò gbọ́ ìpè kankan. Ẹyin tó wà láàárín òkúta á gbẹ. Àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ fẹ́ràn etí odò, torí pé omi ibẹ̀ kò le, ibẹ̀ náà sì ni omi ti kọ́kọ́ ń sá fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ń lọ.

Ó wá gbé àwòrán kan sójú ògiri. Etí odò ni. Àwọn ọmọ ẹja tẹ́ lórí òkúta tútù bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀, gbogbo wọn kọjú síbi tí omi gbà lọ.

Mo di ilẹ̀kùn mú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bóyá ara mi dá. Mo ní ó dá. Mo ti rí etí odò yẹn rí, mo sì ti kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí. Bàbá mi ni olórí àwọn apẹja ní ìlú wa. Dáàmù kan wà lókè odò, ó jìnnà sí wa tó ìrìn ọkọ̀ ààbọ̀ ọjọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú kàn án rí. Ní tiwa, apẹja tó bá ṣẹ odò, wọn kì í lù ú. Wọ́n á fa ọkọ̀ rẹ̀ gòkè, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí gbogbo ìlú ń gbà lọ pọnmi. Ẹni náà gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ jẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á máa wo odò. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún rí ọmọ ẹja létí omi ni wọ́n á yí ọkọ̀ rẹ̀ padà.

Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo ló wà létí odò wa nígbà náà, èmi ni mo ni ín. Ìjẹ tí mo ń fi sẹ́nu ìwọ̀ ni mo fi ń kó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn obìnrin tó ń lọ pọnmi bá ọmọ ẹja lórí iyanrìn, wọn kò lóǹkà. Lójú apẹja, nǹkan kan ṣoṣo nìyẹn lè jẹ́: ẹnì kan ti fa àwọ̀n wẹ́wẹ́, ó ṣa ńlá, ó da kékeré nù. Láàárín òjò, ta ló ti rí i kí odò wa fà sẹ́yìn ní òru kan? Kò sẹ́ni tó rò ó. Kó tó di ọ̀sán, ọkọ̀ mi ti dojú délẹ̀.

Mo ní èmi kọ́. Mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi ha. Àwọn ẹgbẹ́ mi á jókòó sórí ìdí ọkọ̀ mi, wọ́n á ní, "Apọmọ-ẹja ń bọ̀, ẹ fún un láyè, ó ń wá kékeré sí i." Àbúrò kan wà nínú agbo ilé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní dáàmù, òun ló ń kọ gíga omi sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tó wálé, mo sun ẹja fún un, mo bi í bóyá omi ń ṣe nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi ni omi." Ó jẹ ẹja náà tán.

Lọ́jọ́ kẹwàá, bàbá mi pè mí. Ó ní, "Kúnlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀." Mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìlú, mo ní èmi ni. Ọmọ ẹja kò padà wá létí omi, lọ́dún yẹn àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó yí ọkọ̀ mi padà. Mo fi ìlú sílẹ̀. Bàbá mi kú lẹ́yìn mi, mo sì ti gbà pé ó kú pẹ̀lú èrò pé ọmọ òun ló ba odò jẹ́.

Àbúrò tó ń kọ gíga omi yẹn, èmi ni mo mú un wá sí Sharjah. Èmi ni mo bá a rí bedspace, àyè bẹ́ẹ̀dì kan, nínú yàrá wa. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà lókè tèmi. Ní Deira ló ti ń bá àwọn oníṣòwò di ẹrù tó ń lọ sí Èkó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ó wọlé, ó ń tú bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti jẹun? Ìyá kan fẹ́ pa mí ní ọjà Naif lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n tú páálí rẹ̀, kí n tún un dì. Ó ní ìdì mi dà bí ìdì ẹni tí ìyàwó lé jáde."

Mo fi àwòrán ara ògiri yẹn hàn án, mo ti yà á sínú fóònù mi.

Ó wò ó pẹ́. "Ta ló ya etí odò wa?"

"Kì í ṣe etí odò wa. Ìlú oníyìnyín ni. Dáàmù ló ṣe é."

Bàtà kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, khalas, ó ti tán. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni."

"Sọ ọ́."

"Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí dáàmù, tí wọ́n ń tì í. Nírọ̀lẹ́, omi á dé ọrùn òpó tí a fi ń wọn omi. Láàárọ̀, ó ti sọ̀ dé ìdí. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀."

"O sì jẹ ẹja mi."

"Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni."

"Wọ́n lé mi lójú omi."

Ó ń fi ìka tú okùn bàtà tí kò takókó. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Mi ò dákẹ́ fún gbogbo èèyàn. Mo sọ fún bàbá. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó kúnlẹ̀."

Mo ní, "Bàbá wo?"

"Bàbá yín. Wọ́n ní kí n pa á mọ́ra. Wọ́n ní inú ń bí àwọn apẹja, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa bá jà. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi ni mo lè ní kó kúnlẹ̀. Ta ló máa ní kí dáàmù kúnlẹ̀?'"

Mo pè é ní òpùrọ́. Mo ní torí pé òkú kò lè dáhùn ló ṣe ń kó o lé òkú lórí.

"Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín," ó ní. "Wọ́n jókòó níbẹ̀."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi, torí pé mi ò lọ síbi iṣẹ́. Òun ló jẹ olórí apẹja lẹ́yìn bàbá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹja tó ṣẹ́ kù láti jẹ olórí lé lórí. A kíra títí. Mo sọ nípa sámọ́nì fún un, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹja tó lọ sókun tó sì ń padà wálé? Ìyẹn mà sàn jù ọ́ lọ."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi dáàmù ló pa àwọn ọmọ ẹja ọjọ́sí. Bàbá sì ti mọ̀ kí n tó kúnlẹ̀."

Mo dúró. Ohun tí mo ń retí ni kó ní, "Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" Mo ti pèsè ohun tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́, pé kó má bínú pé mo gbà á gbọ́.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Lókè orí mi, bẹ́ẹ̀dì dún. Àbúrò mi yíjú sí ògiri.

"Ọkọ̀ mi ńkọ́?"

"Ọkọ̀ wo? Ó ti di ilé adìẹ tipẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni adìẹ ìyàwó mi ń yé sí."

"Ẹ bá mi yí i padà."

"Ó ti jẹrà. Á fọ́."

"Kó fọ́. Ẹ yí i padà ní àárọ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ń lọ pọnmi, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn."

Mo ń gbọ́ àwọn adìẹ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mo ti gbọ́."

Bàbá wa náà kì í sọ pé òun ò ní ṣe nǹkan. "Mo ti gbọ́" ló máa ń sọ.