Wáyà Tó So Fóònù Mọ́ Tẹlifíṣọ̀n

Láolú tó ń tún fóònù ṣe ní Oregbeni, ní ìlú Benin, kì í gbà kí ẹ̀rọ kankan rí òun fín. Ìyá Èyítọ́pẹ́, tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan, fẹ́ wo ọmọ rẹ̀ tó ń kọrin lórí ètò kan tí kì í ṣí àfi ní Lọ́ńdọ̀nù. Tẹlifíṣọ̀n màmá kọ VPN, ètò tó ń mú kí ẹ̀rọ ṣe bí ẹni pé Lọ́ńdọ̀nù ló wà, jálẹ̀. Ìranù! Láolú gbé VPN sórí fóònù tirẹ̀, ètò ṣí wẹ́rẹ́, ó wá fi wáyà so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ohun tó bá hàn lójú fóònù lè hàn níbẹ̀.

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ọmọ mi rèé!"

Àfi gbàgà tí àtẹ̀jíṣẹ́ alága ẹgbẹ́ ọmọ Oǹdó tí òun àti màmá jọ wà yọ sójú tẹlifíṣọ̀n! A kì í ṣàdédé túfọ̀ fún ẹni tó ṣòfò. Àwọn àgbà ló ń kó ara wọn jọ lọ bá a. Láolú di wáyà mú, ó fà á, wáyà kò yọ. Màmá ti ń kà á sókè bí ẹni ń ka Bíbélì:

"Láolú, ẹ̀gbọ́n Ìyá Èyítọ́pẹ́ ti kú. À ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Má jẹ́ kó gbọ́ o."

Ìgbà yẹn ni wáyà tó yọ.