Àwọn Àkùkọ Ẹ̀yẹ Alájì Ìdíríìsì

Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná! Ọ̀rọ̀ Alájì Ìdíríìsì tó ń gbé lọ́nà Kamina yìí, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Aṣọ ló ń tà lọ́jà Atakpamé ní ilẹ̀ Togo, ẹnu ẹ̀ sì dùn ju aṣọ ẹ̀ lọ. Ìjà tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọjà, òun ní í parí ẹ̀, ẹni tó bá sì bá parí ìjà á gbé àkùkọ wá fi dúpẹ́. Ẹlòmíì á pa á, á jẹ ẹ́, á nu ẹnu. Alájì kọ̀! Ó ní ẹni tó bá jẹ àkùkọ ọpẹ́, iyì ara ẹ̀ ló jẹ. Ló bá ń kó wọn jọ sẹ́yìnkùlé, bí ẹni ń gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ ara ògiri.

Orúkọ ẹni tó mú un wá ló fi ń pe ìkọ̀ọ̀kan. Gérard pupa, tíṣà kan ló fún un. Étienne funfun, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan ní Akparé ló ti wá. Àwọn mìíràn tún wà. Àgbébọ̀ ńkọ́? Méjì péré. Ó ti fi ìyókù se ọbẹ̀, torí pé àgbébọ̀ ò gbé iyì wálé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìẹ, ẹ bá mi sọ ọ́ o: àkùkọ kan ti tó fún àgbébọ̀ mẹ́wàá. Kó ọ̀pọ̀ akọ jọ sórí abo méjì, ogun lo kó wọlé yẹn.

Wọ́n bá ara wọn jà tán, wọ́n yíjú sí èèyàn. Ṣùkúrátù ìyàwó ẹ̀ ò lè dé ìdí kànga láìgbé ọpọ́n dání bí asà.

"Bàbá Àmírátù, Gérard ti ṣá mi lẹ́sẹ̀ o!"

Aládùúgbò kan á yọjú: "Gérard wo? Tíṣà?"

"Ẹ̀jẹ̀ akọni ló wà lára ẹ̀," lọkọ á wí.

"Akọni?" ni Ṣùkúrátù á wí. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga?"

Àṣé àwọn Yorùbá oníṣòwò ń wá olórí tuntun, Alájì sì ń wá ipò náà lójú méjèèjì. Ó ti rán agbádá tó máa fi jẹ ẹ́! Àmọ́ ilé olórí ni gbogbo ẹjọ́ ń wá, nítorí náà àwọn àgbà á kọ́kọ́ ṣe àbẹ̀wò òjijì, kí wọ́n wo bí onítọ̀hún ṣe ń gba àlejò.

Wọ́n dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá Ùbàídùlláh, àgbà pátápátá wọn, ló ṣíwájú.

"Sàlámù àlékúmù, onílé o!"

Gérard ló dáhùn. Ó fò mọ́ jàlàbíà bàbá, Étienne gba ẹ̀yìn yọ. Bàbá tí wọ́n máa ń dì mú gun àtẹ̀gùn mọ́sálásí, ẹ wá wò ó lórí ògiri ọgbà, òun àti àwọn àgbà tó kù!

"Ìdíríìsì! Wá pe àwọn èèyàn ẹ!"

Alájì yọ orí lójú fèrèsé. "Ẹ má sá, bàbá! Tẹ́ ẹ bá sá, wọ́n á rò pé àwọn ti borí yín!"

"Ìwọ náà jáde, kó o má sá!"

Kò jáde. Ṣùkúrátù ló fi ọpọ́n dé Gérard mọ́lẹ̀, tó fi ìgbálẹ̀ lé àwọn tó kù, kí àwọn àgbà tó rọ́nà sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá gbọn aṣọ. "Àbúrò, ẹni tí wọ́n lù nínú ọjà ló yẹ kó sá wá bá olórí. Tó bá déhìn-ín, ta ló máa wá sá lọ bá?"

Sùnmọ́nù alálùbọ́sà ni wọ́n wá fi jẹ olórí. Ẹ sì mọ ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó dé iwájú ẹ̀? Ṣùkúrátù ló pe ọkọ ẹ̀ lẹ́jọ́! Sùnmọ́nù dá a pé kí àkùkọ kan ṣoṣo kù, kí ìyókù wọ ìkòkò, kí Alájì fúnra ẹ̀ yan èyí tó máa kù.

Alájì ṣì ń yan. Ó ní tóun bá pa Étienne, Akparé á bínú. Tóun bá pa Gérard, tíṣà á gbọ́. Ṣé ẹ rò pé mò ń bù mọ́ ọn ni? Ẹ gun alùpùpù, ẹ gba ọ̀nà Kamina, ẹ lọ fojú ara yín rí i. Ẹ má wọ sálúbàtà lọ o.