Olorì Parí Eré Rẹ̀

Nígbà tí Fọláyọ̀ wà lọ́mọge, ó ṣe olorì nínú ìwé ìtàn kan tí wọ́n sọ di eré orí tẹlifíṣọ̀n. Kò wo eré náà rí, torí kò sí tẹlifíṣọ̀n nílé wọn ní Ajégúnlẹ̀. Nígbà tó padà lọ béèrè rẹ̀ nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì ò pọ̀, àwọn ti gba eré bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lé e lórí. Ó gba kámú.

Àfi lọ́dún yìí tí Lùkúmọ̀n ọmọ rẹ̀, tó ń wa mọ́tò fún bàbá kan ní Àpápá, gbé eré náà dé. Bàbá yìí ló gbà á sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n nílé láyé ọjọ́sí, kásẹ́ẹ̀tì náà sì wà nínú àpótí rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ará ilé kún pálọ̀. Bí olorì ṣe yọjú, Zulfah ọmọ Lùkúmọ̀n figbe ta: "Ìyá àgbà, ẹ̀yin rèé? Ẹ mà rẹwà o!"

Fọláyọ̀ fi etí gèlè nu omijé ayọ̀.

Níbi tí ọba ti ń béèrè ẹni tó jí adé, àwòrán ṣú. Kásẹ́ẹ̀tì ti tán.

"Háà! Ta ló jí i?" ni gbogbo wọn ń ké.

Fọláyọ̀ dìde, ó tún gèlè wé, ó kúnlẹ̀ fún Lùkúmọ̀n. Ìyẹn fò sókè: "Màmá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!"

"Jókòó jẹ́jẹ́, ìwọ lọba." Ó gbóhùn sókè: "Kábíyèsí, ẹnikẹ́ni ò jí adé. Èmi ni mo gbé e pamọ́, kí ẹ má baà fi ta tẹ́tẹ́!"

Ó ṣe é dópin. Ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ wọn fa àwọn ará àdúgbò wọlé, wọ́n sì ní kó tún un ṣe.