Ẹ̀dọ̀ Ẹni Tí Kì Í Mutí

Ọdún tí ẹ̀dọ̀ ọkọ mi wú ni mo tó mọ̀ pé èèyàn lè jẹ́ alájì, kó jẹ́ alákọ̀wé, kó tún wọ kóòtù funfun, kí orí rẹ̀ sì ṣófo bí agolo. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé Onitsha. Mo ti rí òmùgọ̀ oríṣiríṣi lọ́jà àti nílé, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ṣe ni wọ́n tò wá sẹ́nu ọ̀nà wa.

Léèsì àti gíní là ń tà ní Main Market, èmi àti ọkọ mi, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Òun náà ni ládàánì mọ́ṣáláṣí kékeré tí àwa Yorùbá ti ń kírun. Bó bá pe ìrun, àwọn ará àdúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá a máa sọ pé ohùn rẹ̀ dùn. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju ọjà lọ. Èmi ló yẹ kí n mọ̀, torí èmi ni mo máa ń kù sọ́dọ̀ oníbàárà nígbà tó bá sáré lọ pèrun.

Òtútù àti ibà ni àìsàn náà fi bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ á gbọ̀n, lẹ́yìn náà òógùn á bò ó. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dun òun lábẹ́ egungun ìhà, pé ìrora náà ń gun òun dé èjìká. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa, tí gbogbo èèyàn ń pè ní dókítà tí òun náà sì ń jẹ́, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó wojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Kò sí àìsàn mìíràn lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn. Bí o bá fi ẹsẹ̀ kọ lọ́dọ̀ rẹ̀, táífọ́ọ̀dù ni. Ọjọ́ márùn-ún ló fi gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára, ọkọ mi sì ń rù sí i. Mo lọ béèrè ohun tó dé, ó ní táífọ́ọ̀dù náà ti dàgbà ni. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, mo bá tèmi lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá dá sí i. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwa Mùsùlùmí Yorùbá, àgbàlá ilé rẹ̀ la sì ti máa ń ṣe àsàlátù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kò sí ohun tí alájì yìí kò mọ̀. Ó mọ ẹni tó máa wọlé ìbò, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá, ó mọ àrùn. Òun ló mú àbúrò rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo inú èèyàn, yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta páìpù. Ọkọ mi ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní ẹni tó di ẹ̀rọ mú ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bó ti ń yí i lórí ikùn òun, kò sì pẹ́ rárá tó fi nu ọwọ́. Ìlà méjì péré ló wà nínú ìwé tó fún wọn: ẹ̀dọ̀ ti wú kọjá bó ṣe yẹ. Ó wá bi í léèrè lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Oga, how many bottle you dey take for one day?”

Kò béèrè bóyá ó ń mu. Iye tó ń mu ló béèrè. Ọkọ mi ní òun kò fẹnu kan ọtí rí láyé òun, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò sì rẹ́rìn-ín. Kí ọjọ́ Àìkú tó dé, ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí ẹgbẹ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọn kò dárúkọ ẹnì kankan. Ẹnì kan kàn fi wáàsí nípa ọtí ránṣẹ́ láàárọ̀, àwọn yòókù sì ń kọ àmín sábẹ́ rẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa yìí ṣe rí. Níbi tí bíà àti ẹmu wà ní gbogbo ìkóríta, àìmutí la fi ń dá ara wa mọ̀, a sì máa ń ṣọ́ ara wa bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ẹnì kan lè rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí níbi tí o ti ń dúró de kẹ̀kẹ́, kí o tó délé, o ti di ọ̀mùtí. Lójú àwọn èèyàn wa, ohun kan ṣoṣo ló ń mú ẹ̀dọ̀ wú. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló wá ń mú ẹ̀dọ̀ ọmọdé tí kì í mutí wú.

Lọ́jọ́ àsàlátù, wọ́n pe ọkọ mi wọ yàrá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé Kùránì ka orí àpótí, ó ní kó búra pé òun kò mutí rí. Èmi náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ohun tó fi dá wọn lóhùn.

“Mi ò ní búra,” ó ní. “Gbogbo yín ni mo ń pè wá kírun látọjọ́ yìí. Bí ẹ ò bá mọ̀ mí, ìbúra ò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ mí.”

Wọ́n ní kó lọ sinmi ìrun pípè, títí ara á fi yá. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn lé e kúrò. Ẹni tí wọ́n fi dípò rẹ̀, ohùn rẹ̀ dàbí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Látọjọ́ náà ni ọkọ mi ti kọ ilé ìwòsàn. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí GRA, níbi tí àwọn dókítà gidi wà, ó ní rárá. Ó ní bí òun bá lọ, wọ́n á ní òun lọ tọ́jú ẹ̀dọ̀ ọtí, pé ó sàn kí òun kú ju kí òun fẹsẹ̀ ara òun rìn lọ jẹ́wọ́ ohun tí òun kò ṣe. Mo bínú sí i gan-an. Mo sọ fún un pé ìgbéraga rẹ̀ á pa á, pé àwọn tó ń bá bínú ni wọ́n máa jẹ sàráà òkú rẹ̀, tí wọ́n á tún máa bu ẹran sí i. Kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn mọ́, bó bá mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ á fà ro. Mo ń ṣe ojúṣe mi. Mo ń se ògì fún un, mo ń fi omi gbígbóná tọ́jú rẹ̀, bó bá sì ti ìta wọlé, mo máa ń bá a tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà bẹ́ẹ̀, tí mo ń bẹ̀ ẹ́, tí ó ń gbẹ lọ níṣojú mi.

Ọ̀mùtí ló gbà wá. Ọkùnrin Ìgbò kan ló ń ta kọ́tìnì nínú ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwa. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí báyìí, ìgò bíà á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í sì í fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wọlé bá wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí ọkọ mi tó ń gbọ̀n lórí ìdì aṣọ, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó bi mí ohun tí a ń dúró dè. Mo ṣàlàyé fún un ní èdè Ìgbò, ìtìjú sì ń mú mi bí mo ti ń sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó lóṣòó níwájú ọkọ mi.

“Alhaji,” ó ní, “me wey dey drink every day, my liver dey kampe. Na you wey no gree taste am since I know you, na your own wan swell? Abeg stand up. Nwunye anyị, hold that side.” Ìyàwó wa ló pè mí bẹ́ẹ̀ lédè Ìgbò.

Ọkọ mi dìde. Ẹni tí mo ti ń bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dìde fún ọ̀mùtí, ó sì wọnú ọkọ̀ rẹ̀ bí ọmọ jẹ́jẹ́. Ó dùn mí, n kò sì lè sọ ọ́ síta.

Dókítà tó rí wa ní GRA, ọmọdébìnrin kan ni, nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ pè é. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè nǹkan tó sì dúró gbọ́ èsì. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ọtí, oníkọ́tìnì tó gbé wa wá ló sáré dáhùn, ó ní gbogbo ọdún ni òun ń fi bíà lọ ọkùnrin yìí, kò gbà á rí. Dókítà wá béèrè bóyá ó ti yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, pé òun ra oògùn ní kẹ́míìsì, òun lò ó fún ọjọ́ kan, nígbà tó dúró òun fi í sílẹ̀. Dókítà béèrè omi tó ń mu. Omi inú ọ̀rá là ń mu nílé, àfi lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Àìkú, kànga ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ ń mu, kànga tí alájì fi ń yangàn pé kò sí omi tó dùn tó o ní gbogbo Onitsha. Ṣálángá wọn kò jìnnà sí i ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ. Èmi fúnra mi ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà.

Dókítà fi ìka kan ṣoṣo tẹ àárín egungun ìhà rẹ̀, ọkọ mi sì ké. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì fi ẹ̀rọ wo ikùn náà, ó rọra ń wò ó, ó ní kó mí sínú, ó ní kó yí ẹ̀gbẹ́. Ó wá yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi. Ihò dúdú kan wà nínú ẹ̀dọ̀ náà, ó tóbi tó ọsàn. Ó ní kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, inú omi ẹlẹ́gbin ló ti ń wọnú ìfun, láti ibẹ̀ ló ti gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, ó sì ti sọ ọ́ di ọyún. Ó ní ọyún náà ló mú ẹ̀dọ̀ wú, pé bó bá fi bẹ́ sínú àyà tàbí ikùn, ọ̀rọ̀ á di nǹkan mìíràn. Bó ṣe sáré pe nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kó bẹ́.

Wọ́n fi oògùn apàrora sí ojú ibẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn wọlé, ẹ̀rọ ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ohun tí wọ́n fà jáde dàbí kòkó mímu tí wọ́n fi omi díẹ̀ pò, ó ki. Kò rùn rárá. Dókítà ní àìrùn rẹ̀ yẹn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí òun mọ irú ọyún tó jẹ́. Oògùn tó kọ fún un, èyí tí gbogbo wa ń rà fún inú rírun ni, àfi pé ti ọ̀tẹ̀ yìí pọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ lò ó tán. Ó wá kìlọ̀ fún un gidigidi pé kò gbọ́dọ̀ fi ọtí lé e. Oníkọ́tìnì fi ọwọ́ bo ẹnu, ọkọ mi di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ń wò wá, kò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé búrẹ́dì àti mílíìkì wá. Ó ní òun ti fura látìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe ọtí. Mo sọ ti kànga fún un, ó ní ogún ọdún làwọn ti ń mu omi yẹn. Wọ́n dá ìrun pípè padà fún ọkọ mi nígbà tó yá, kò sì sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Alihamudulilahi ni gbogbo wọn ń pè, bí ẹni pé Ọlọ́run ló purọ́ mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí alájì wá yẹn, bó ti jáde ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mò ń bó ọsàn fún ọkọ mi, mo bú oníkẹ́míìsì, mo bú ẹlẹ́rọ, mo bú alájì àti gbogbo alámìín. Nígbà tí mo bú wọn tán, mo bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní kí ló dé tó fi dìde fún ọ̀mùtí, tí kò dìde fún èmi ìyàwó rẹ̀.

Ó gba ẹ̀là ọsàn kan lọ́wọ́ mi.

“Òun kò fi fìlà mi ṣe bojúbojú kó tó gbóòórùn ẹnu mi,” ó ní.

Mo ti rò pé kò mọ̀. Láti ọjọ́ tí ìwé onílà méjì yẹn ti délé, bó bá ti wọlé ni mo ń dìde lọ tún fìlà rẹ̀ ṣe, kí imú mi lè súnmọ́ ọn. N kò gbọ́ òórùn ọtí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, síbẹ̀ mi ò dẹ́kun.

Mo ń bó ọsàn náà lọ. Mi ò rí ẹni bú mọ́.