Àwọn Ohùn Tó Ń Lé Ara Wọn

Bí mo bá gbọ́ orin dùrù tí wọ́n ń pè ní fíúgù lórí fóònù ẹlòmíì, àyà mi ṣì máa ń já.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ìjà ìgboro sì wọ́pọ̀ ládùúgbò wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Dàpọ̀ ń kọ́ mi ní dùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bajulaiye. Ó ní nínú fíúgù, ohùn kan á kọ́kọ́ dá wọlé. Òmíì á gba orin kan náà, ti àkọ́kọ́ kò sì ní dákẹ́. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ariwo sọ níta. Àdúgbò kan pariwo, èkejì gbà á, ó ń sún mọ́ wa. Òórùn táyà tó ń jó gba ojú fèrèsé wọlé.

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbọn-in.

“Bàbá Dàpọ̀, ẹ dá dùrù yìí dúró! Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn jàǹdùkú yẹn wá bá wa níbí ni?”

“Dàpọ̀ ṣì wà ní àdúgbò Pedro. Tó bá gbọ́ dùrù, á mọ ibi tó máa sá wá.”

Mo ká kò sílẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó dákẹ́. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé dùrù yẹn kò lè dún dé Pedro, ó sì jọ pé òun náà mọ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ohùn kẹta ṣe wọlé, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn.

“Mọ́mì, èmi ni!”

Ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, Dàpọ̀ sì ṣubú wọlé láìwọ bàtà. Bàbá rẹ̀ kò wojú rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì ń tẹ dùrù lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ti di ẹ̀wù ọmọ náà mú.